Ṣé o mọ̀? Iléeṣẹ́ ọtí ni ìdánwò t ti wá

Ìdánwò t ni àwọn onísáíkọ́lọ́jì fi ń wò ó bóyá ìyàtọ̀ gidi wà láàárín ìpíndọ́gba ẹgbẹ́ méjì, àbí ó kàn ṣe kòńgẹ́ ni. William Sealy Gosset, òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ ọtí Guinness ní Dublin, ló fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ní 1908. Nígbà náà, iléeṣẹ́ náà kì í jẹ́ kí òṣìṣẹ́ fi orúkọ ara rẹ̀ tẹ ìwádìí jáde, ló bá pe ara rẹ̀ ní “Student”. Orúkọ yẹn ló sì mọ́ ìdánwò náà lára títí dòní!

Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ méjì péré ni ìdánwò yìí lè fi wéra lẹ́ẹ̀kan. Bí wọ́n bá di mẹ́ta, tí o ń fi wọ́n wéra ní méjì-méjì, tí o gba ewu àṣìṣe 5% lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ ewu náà lè tó 14%. Nítorí náà, ANOVA ti Ronald Fisher, ìdánwò tó ń fi ìpíndọ́gba ẹgbẹ́ púpọ̀ wéra lẹ́ẹ̀kan náà, ni kí o kọ́kọ́ lò.