Ìfẹ́ Nínú Ilé Tí Iṣẹ́ Kì Í Tán

Láàárín ọdún 1921 sí 1935 ni ìjọba ìlú Lọ́ńdọ̀nù kọ́ ilé tí ó lé ní 25,000 sí Becontree, ní agbègbè tí ibùdókọ̀ ojú irin Dagenham Heathway wà. Ní Dagenham yìí kan náà ni àwọn obìnrin tí ń rán aṣọ ìjókòó ọkọ̀ ní ilé iṣẹ́ Ford ti daṣẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1968, ìjà tí ó wà lára ohun tí ó bí òfin owó iṣẹ́ ọgbọọgba fún ọkùnrin àti obìnrin ní ọdún 1970. Ṣùgbọ́n òfin kì í fọ abọ́.

Tọkọtaya Yorùbá tí ń gbé irú ilé bẹ́ẹ̀ lónìí, tí kò ní ìyá àgbà tí yóò pọn ọmọ, tí kò ní àbúrò tí yóò gún iyán, tí ọ̀kan ń ti iṣẹ́ òru bọ̀ bí èkejì ti ń sáré lọ wọ ọkọ̀ ojú irin, a máa di àlejò ara wọn bí wọn kò bá ṣọ́ra.

Ọwọ́ ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, ni ọwọ́ fi ń mọ́. Ọkọ tí ó bá ha ìkòkò ẹ̀fọ́ tí ó jóná mọ́lẹ̀, tí ó sì fi oríkì kí aya rẹ̀ káàbọ̀ pé, ‘Àbẹ̀kẹ́ mi, o kú iṣẹ́ o,’ yóò gbọ́, ‘Olówó orí mi, ẹ ṣeun,’ láti inú ọkàn wá. Ẹ jẹ́ kí a pín iṣẹ́ láìṣírò, kí a sì máa dúpẹ́ lọ́wọ́ ara wa lójoojúmọ́, nítorí ẹni tí a bá mọ rírì làálàá rẹ̀, kì í rẹ̀ ẹ́ láti fẹ́ràn ẹni.