Ìdí Tí Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ Oṣù Kẹrin Fi Ń Gbóná Nísàlẹ̀ Bọ́ọ̀lù Gẹ̀ẹ́sì

Ọ̀pọ̀ nínú wa tó ń wo Arsenal àti Chelsea kì í wo ìsàlẹ̀ wọn. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù 92 ló wà ní ìpele mẹ́rin àkọ́kọ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: 20 nínú Premier League, 72 nínú Championship, League One àti League Two. Gbogbo èyí tó kù nísàlẹ̀ ni wọ́n ń pè ní non-league, wọ́n sì lọ súà. National League, tó ní ẹgbẹ́ 24, ló ṣáájú wọn. National League North àti South ló tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà líìgì mẹ́rin tí ẹgbẹ́ 22 wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Bí a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ nìyẹn títí a ó fi dé pápá tí kò ní àga ìjókòó kankan.

Bí oṣù kẹta bá ti ń parí lọ, ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn alátìlẹ́yìn ẹgbẹ́ wọ̀nyí á yí padà. Wọn ò ní sọ̀rọ̀ ẹni tó mọ bọ́ọ̀lù gbá mọ́. Ìṣirò ni wọ́n á gbájú mọ́. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mélòó ló kù? Mélòó la máa gbá nílé? Ta ni àwọn tó wà lókè wa máa bá pàdé lọ́jọ́ Sátidé?

Ìṣirò náà kò le. Ẹni tó bá borí gba póìǹtì mẹ́ta, ẹni tó bá ta ọ̀mì gba ẹyọ kan. Bí póìǹtì ẹgbẹ́ méjì bá dọ́gba, ìyàtọ̀ láàárín ayò tí wọ́n jẹ àti èyí tí àwọn mìíràn jẹ sí wọn ni wọ́n á kọ́kọ́ wò. Ní Isthmian, ọ̀kan nínú líìgì mẹ́rin ẹlẹ́gbẹ́ 22 yẹn, ẹni tó bá gbapò kìíní á gòkè tààrà. Àwọn tó wà ní ipò kejì sí ìkarùn-ún á bára wọn díje fún àyè kan ṣoṣo tó kù. Mẹ́rin tó bá wà nísàlẹ̀ pátápátá á já wálẹ̀. Nítorí náà, ẹgbẹ́ tó wà láàárín pàápàá lè máa wo òkè, kó sì máa bojú wẹ̀yìn lọ́jọ́ kan náà.

Òjò máa ń da ìṣirò yìí rú. Pápá àwọn ẹgbẹ́ kékeré kì í sábà fa omi dáadáa. Láàárọ̀ ọjọ́ ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀, rẹfirí á rìn yí pápá ká, á fi bàtà tẹ ilẹ̀, á sì ju bọ́ọ̀lù sílẹ̀ níwájú ilé ayò. Bí bọ́ọ̀lù náà bá dúró síbẹ̀ tí kò ta padà, ó parí nìyẹn, wọ́n ti sún un síwájú. Alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n sábà máa ń gbá irú èyí tí wọ́n sún. Bó bá fi máa di oṣù kẹrin, ẹgbẹ́ kan lè máa gbá Sátidé, Ìṣẹ́gun, Sátidé láìsinmi, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ agbábọ́ọ̀lù wọn ló ní iṣẹ́ mìíràn tí wọ́n ń ṣe lójúmọ́. Ibẹ̀ ni àríyànjiyàn ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tó ṣì wà nílẹ̀ ti ń wá. Àwọn kan á ti ka póìǹtì mẹ́ta rẹ̀ mọ́ tiwọn. Lójú tèmi, àṣìṣe ńlá ni: ẹsẹ̀ tó ti rẹ̀ ni wọ́n máa fi gbá a.

Èyí tó fi gbogbo ọ̀rọ̀ yìí hàn jù lọ ni ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ Wrexham àti Notts County ní National League, ọjọ́ 10 oṣù kẹrin ọdún 2023, ọjọ́ Ajé ọdún Àjíǹde. Wrexham, ẹgbẹ́ ilẹ̀ Wales tó ń gbá nínú líìgì Gẹ̀ẹ́sì, ló gbàlejò. Póìǹtì 100 ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, Wrexham sì tún ní ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan nílẹ̀. Wrexham ń borí pẹ̀lú ayò mẹ́ta sí méjì nígbà tí àsìkò ti tán, tí wọ́n ń gbá àfikún ìṣẹ́jú, ni rẹfirí bá fún Notts County ní pẹnáritì. Ben Foster, ẹni 40 ọdún tó ti fẹ̀yìn tì kó tó padà wá ran Wrexham lọ́wọ́ lóṣù tó ṣáájú, ló wà nínú ilé ayò. Cedwyn Scott gbá a, Foster fò, ó sì fọwọ́ gbá a dànù. Ká ní ó wọlé ni, ọ̀mì ni wọn ì bá ta, àyè ì bá sì ṣì wà fún Notts County láti du ipò kìíní. Wrexham fi póìǹtì 111 gba ife. Notts County ní 107, iye tó tó gba líìgì náà lọ́pọ̀ ọdún, síbẹ̀ ipò kejì ni wọ́n wà.

Ipò kejì náà kì í ṣe òfo. Ní National League, ipò kejì sí ìkeje ló ń wọ ìdíje fún àyè kejì, ẹni tó bá sì wà lókè ló ń gbàlejò títí wọ́n á fi dé ìparí. Notts County gba Boreham Wood lálejò ní Meadow Lane. Àlejò ti jẹ ayò méjì sí wọn kí wọ́n tó dá gbogbo rẹ̀ padà, tí wọ́n sì fi mẹ́ta sí méjì borí lẹ́yìn àfikún àsìkò, níwájú àwọn èrò tiwọn. Ní ìparí ìdíje náà ní Wembley, pẹnáritì ni wọ́n fi ṣẹ́gun Chesterfield. Ta ló máa mọ bí ì bá ti rí ká ní ìta ni wọ́n ti gbá èyí àkọ́kọ́ yẹn? Ìdí tí alátìlẹ́yìn fi ń bínú sí ọ̀mì kan ṣoṣo nílé lóṣù kẹrin nìyẹn. Ó lè gba ilé lọ́wọ́ ẹni lóṣù karùn-ún.

Owó tún wà níbẹ̀. Ẹgbẹ́ kékeré kò ní owó tẹlifíṣọ̀n tó jọ ti àwọn ẹgbẹ́ ńlá. Owó ẹnu ọ̀nà, ilé ọtí, tíì àti búrẹ́dì onísọ́séèjì ni wọ́n fi ń sanwó agbábọ́ọ̀lù. Àwọn Yorùbá tó wà ní Peckham ní London kò jìnnà sí ọ̀kan nínú wọn: Dulwich Hamlet, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1893, tó ń gbá ní Champion Hill, tó sì já wá sí Isthmian ní 2023. Èrò ibẹ̀ lè lé ní 2,000. Ní irú pápá báyìí, ẹ̀yìn ilé ayò tí ẹgbẹ́ wọn ń kọlù ni àwọn alátìlẹ́yìn máa ń dúró sí, bí ìdajì àkọ́kọ́ bá sì parí, wọ́n á gbé ife bíà wọn, wọ́n á rìn yí pápá ká lọ sí òdìkejì. Dulwich Hamlet ni Ethan Pinnock ti gbá bọ́ọ̀lù kó tó di ẹni tó ń gbá fún Brentford ní Premier League.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí àwọn àlejò kì í retí. Àwọn alátìlẹ́yìn tún máa ń jiyàn lórí iye àga, iná pápá àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀, nítorí pé líìgì òkè ní òfin lórí bí pápá ṣe gbọ́dọ̀ rí. Kí ó tó di 1987, ìbò ni àwọn ẹgbẹ́ òkè ń dì kí wọ́n tó gba ẹni tuntun wọlé. Scarborough ló kọ́kọ́ gòkè tààrà lọ́dún náà. Síbẹ̀, Kidderminster Harriers gba líìgì tó ṣáájú non-league ní 1994, Macclesfield ní 1995, Stevenage ní 1996, wọn ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wọn gòkè lọ́dún tí wọ́n gbà á, nítorí pápá. Sutton United gba líìgì kan náà ní 2021, àfi kí wọ́n ká koríko oníke wọn kúrò kí League Two tó gbà wọ́n. Ní ti àwọn tí wọ́n dá dúró, Macclesfield tún gba líìgì ní 1997, wọ́n sì wọlé. Stevenage dúró títí di 2010.