Kímò àti Oògùn Hòmóònù fún Jẹjẹrẹ Ọyàn Tó Ti Ràn Ká Ara

Ní 1896 ni George Beatson, dókítà ará Scotland, fi hàn pé bí a bá yọ ilé ẹyin obìnrin, jẹjẹrẹ ọyàn lè rọlẹ̀. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí tamoxifen ní 1977.

Kí ẹ tó náwó, ẹ béèrè èsì àyẹ̀wò ẹran tí wọ́n gé lára kókó náà. Ẹ wo ibi tí wọ́n kọ ER àti PR sí, ìyẹn àwọn ibi tí hòmóònù ti ń dì mọ́ sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ. Bí èsì bá sọ pé jẹjẹrẹ náà kò ní ìkankan nínú méjèèjì, owó oògùn hòmóònù á ṣòfò.

Ṣé kí a lo kímò àti oògùn hòmóònù pọ̀? Rárá, ọ̀kan ló máa ń tẹ̀ lé èkejì. Pípa wọ́n pọ̀ kì í fi kún ọjọ́ ayé, ó sì ń mú kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì nínú iṣan. Hòmóònù ló sábà máa ń ṣáájú, torí ó rọrùn fún ara àti àpò. Àfi bí àrùn bá ń ba ẹ̀dọ̀ tàbí ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ kíákíá ni kímò á kọ́kọ́ wọlé. Bó bá rọlẹ̀, hòmóònù á tẹ̀ lé e.

Tamoxifen: 20 mg lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́. Fún ẹni tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dá: letrozole 2.5 mg tàbí anastrozole 1 mg. Fún ẹni tó ṣì ń rí i, wọ́n lè fi abẹ́rẹ́ goserelin 3.6 mg kún un ní ọjọ́ 28 síra. Ní ti kímò, doxorubicin pẹ̀lú cyclophosphamide sábà máa ń jẹ́ ọjọ́ 21 síra; capecitabine, ọjọ́ 14 ní lílò, 7 ní ìsinmi. Ẹ fi bíírò sàmì sí kàlẹ́ńdà ara ògiri.

Bí ara ẹni tó ń gba kímò bá gbóná dé 38°C, ọsibítù lóru ọjọ́ náà. Ẹ má fi parasitamọ́ọ̀lù bò ó mọ́lẹ̀. Bí ẹsẹ̀ kan bá wú, tàbí èémí bá ń há lórí tamoxifen, bákan náà ni.

Ẹ̀kọ gbígbóná àti ọbẹ̀ ilé dára ju ohun inú agolo lọ. Ṣùgbọ́n ẹ má pa àgbo pọ̀ mọ́ kímò láìsọ fún dókítà.

Ní Kumasi, ní Ghana, ọsibítù Komfo Anokye ní ẹ̀ka ìtọ́jú jẹjẹrẹ láti 2004. Ọsibítù Peace and Love wà ní Oduom. Ìtọ́jú jẹjẹrẹ ọyàn wà lára ohun tí NHIS, ètò ìbánigbófò ìlera Ghana, ń san. Ọdọọdún ni ìforúkọsílẹ̀ NHIS ń parí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un ṣe kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé.