Ọ̀nà kan ò wọ ọjà: Ìdí tó fi yẹ kí oníṣọ́ọ̀bù géèmù jẹ́ kí oníbàárà rẹ̀ kọ́ ju géèmù ìjà kan lọ

Géèmù bọ́ọ̀lù ló máa ń gba iwájú ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù géèmù nílẹ̀ Yorùbá, ṣùgbọ́n géèmù ìjà náà ní àwọn olólùfẹ́ tiẹ̀. Àwọn kan wà nínú wọn tó jẹ́ pé Mortal Kombat nìkan ni wọ́n mọ̀. Bí wọ́n bá ti wọlé, òun ni wọ́n máa béèrè, bí páàdì kò bá sì tíì ṣófo, wọ́n á dúró dè é. Bí oníṣọ́ọ̀bù bá ní kí wọ́n fọwọ́ kan Tekken tàbí Street Fighter wò, wọ́n á ní àwọn ò mọ̀ ọ́n. Kò sẹ́ni tó fẹ́ fi owó ara rẹ̀ ra ìyà níwájú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Lójú ọ̀pọ̀ oníṣọ́ọ̀bù, kò sóhun tó burú níbẹ̀. Ẹni tó ń sanwó lórí géèmù kan ṣáà ń sanwó. Àmọ́ ewu wà níbẹ̀, torí pé géèmù ìjà kì í pẹ́ kó tó darúgbó. Street Fighter IV jáde lọ́dún 2008, Street Fighter V gbapò rẹ̀ lọ́dún 2016, nígbà tó sì di ọdún 2023, Street Fighter 6 ti dé. Mortal Kombat X jáde lọ́dún 2015, Mortal Kombat 11 tẹ̀ lé e lọ́dún 2019, Mortal Kombat 1 sì jáde lọ́dún 2023. Láàárín ọdún mẹ́rin sí mẹ́jọ, èyí tí gbogbo èèyàn ń dù lónìí á ti di ti àná. Bó bá jẹ́ géèmù kan ṣoṣo ló ń mú oníbàárà wá, ọjọ́ tó bá sú wọn ni àga máa ṣófo, bẹ́ẹ̀ owó ṣọ́ọ̀bù àti owó epo jẹnẹrétọ̀ kì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Ohun tó yẹ kí oníṣọ́ọ̀bù mọ̀ ni pé iṣẹ́ kékeré ló kù láti sọ ẹni tó mọ géèmù ìjà kan di ẹni tó mọ méjì tàbí mẹ́ta. Ẹni náà ti mọ ohun tó ju ìlàjì lọ, kò kàn mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n ni.

Ohun tó so gbogbo wọn pọ̀

Ẹ̀rù tó máa ń ba ẹni tó mọ géèmù kan ni pé á-bí-dí lòun máa lọ tún bẹ̀rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tí ilé-iṣẹ́ Capcom ti ilẹ̀ Japan ti gbé Street Fighter II jáde lọ́dún 1991, orí ìlànà kan náà ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú géèmù ìjà dúró lé.

Àkọ́kọ́ ni pé ẹni tó bá dáàbò bo ara rẹ̀, ẹ̀ṣẹ́ kì í wọlé sí i lára. Bó bá wá jókòó sínú ààbò náà ṣáá, alátakò á sún mọ́ ọn, á dì í mú, á sì gbé e ṣánlẹ̀. Ẹni tó fẹ́ gbé èèyàn ṣánlẹ̀ náà, bí ẹ̀ṣẹ́ bá yára pàdé rẹ̀ lọ́nà, òun ló máa jẹ ẹ́. Ààbò ń borí ẹ̀ṣẹ́, gbígbé-ṣánlẹ̀ ń borí ààbò, ẹ̀ṣẹ́ sì ń borí gbígbé-ṣánlẹ̀. Bó ṣe rí nínú Mortal Kombat náà ló rí nínú Tekken àti Street Fighter.

Ìkejì ni ẹ̀ṣẹ́ tó bá tàsé. Àwòrán 60 ni ọ̀pọ̀ géèmù ìjà máa ń gbé kọjá lójú èèyàn ní ìṣẹ́jú àáyá kan, gbogbo ẹ̀ṣẹ́ ló sì ní iye àwòrán tó fi ń jáde àti iye tó fi ń padà sílé. Ẹ̀ṣẹ́ ńlá máa ń pẹ́ kó tó padà, nítorí náà bó bá tàsé, ara ẹni tó jù ú ti ṣí sílẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó ti mọ bí wọ́n ṣe ń dúró kí alátakò tàsé kí wọ́n tó lù ú, ọgbọ́n náà á bá a dé géèmù tó kàn.

Ìkẹta ni mímọ ibi tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ alátakò lè dé, kéèyàn sì dúró sí ibi tí kò ní bá a. Ìkẹrin ni mímọ ìwà ẹni tó jókòó síwájú ẹni. Ẹnì kan wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti há a mọ́ ògiri, á fò sókè. Yóò fò nínú géèmù èyíkéyìí, torí pé ìwà rẹ̀ ni, kì í ṣe ìwà géèmù.

Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀

Ohun tó yàtọ̀ kò pọ̀ jù, àmọ́ òun ló máa ń já ẹni tuntun kulẹ̀ bí kò bá sẹ́ni tó ṣàlàyé rẹ̀ fún un. Nínú Mortal Kombat, bọ́tìnnì kan wà tí wọ́n ń tẹ̀ láti fi dáàbò bo ara. Nínú Street Fighter, kò sí bọ́tìnnì bẹ́ẹ̀, ẹ̀yìn ni wọ́n ń fa páàdì sí. Ọmọ Mortal Kombat tó bá kọ́kọ́ jókòó sídìí Street Fighter á máa wá bọ́tìnnì tí kò sí, á sì máa jẹ ẹ̀ṣẹ́. Ọ̀rọ̀ kan péré látẹnu oníṣọ́ọ̀bù ti tó láti yọ ọ́.

Bọ́tìnnì mẹ́fà ni Street Fighter fi ń jà, mẹ́ta fún ẹ̀ṣẹ́, mẹ́ta fún ìpá. Mẹ́rin ni ti Tekken, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì dúró fún apá ọ̀tún, apá òsì, ẹsẹ̀ ọ̀tún àti ẹsẹ̀ òsì. Nínú Tekken, èèyàn lè yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kí ẹ̀ṣẹ́ gba iwájú rẹ̀ kọjá. King of Fighters ní tirẹ̀ máa ń jẹ́ kí ẹnì kan mú oníjà mẹ́ta wọlé, bí ọ̀kan bá ṣubú, èkejì á bọ́ síta.

Ọmọ Lahore tó borí ayé

Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì lè wo Arslan Siddique, ọmọ ìlú Lahore ní orílẹ̀-èdè Pakistan, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Arslan Ash. King of Fighters ló kọ́kọ́ gbówọ́ nínú rẹ̀, inú rẹ̀ náà ló ti rí orúkọ Ash mú, torí Ash Crimson ni wọ́n ń pe ọ̀kan nínú àwọn oníjà géèmù ọ̀hún. Nígbà tó yá ló bọ́ sídìí Tekken 7.

Lọ́dún 2019, ó gba ipò kìíní nínú ìdíje Evo Japan tó wáyé nílùú Fukuoka. Lọ́dún yẹn kan náà, ó lọ sí Evo ti ìlú Las Vegas lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ó sì na ọmọ Korea tí wọ́n ń pè ní Knee ní àṣekágbá. Bẹ́ẹ̀, ọ̀gá ni Knee jẹ́ nínú Tekken kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ orúkọ Arslan rárá. Arslan tún gba ife-ẹ̀yẹ Las Vegas lọ́dún 2023 àti 2024. Ká ní ó ti sọ pé King of Fighters nìkan lòun mọ̀, ta ni ì bá mọ̀ ọ́n?

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn ọmọ Marvel

Ìdíje Evo fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹ̀kọ́ fún oníṣòwò. Lọ́dún 1996 ló bẹ̀rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ California, níbi tí nǹkan bí ogójì èèyàn ti kóra jọ láti fi Street Fighter jà. Nígbà tó máa fi di ọdún 2023, àwọn tó forúkọ sílẹ̀ fún Street Fighter 6 nìkan lé ní 7,000. Àwọn olùdásílẹ̀ rẹ̀ kò dúró sórí géèmù kan. Ọ̀pọ̀ géèmù ni wọ́n ń lò, owó ìforúkọsílẹ̀ géèmù kọ̀ọ̀kan sì yàtọ̀. Ẹni tó mọ mẹ́ta lè sanwó lọ́nà mẹ́ta.

Lọ́dún 2018, Evo yọ Marvel vs. Capcom kúrò nínú ìdíje, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ọdún ló ti wà níbẹ̀. Dragon Ball FighterZ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ló wọlé, òun náà sì jẹ́ irú èyí tí ẹnì kan ti ń mú oníjà mẹ́ta wọlé. Àwọn ọmọ Marvel tó tètè gbé ọgbọ́n wọn lọ síbẹ̀ rí nǹkan ṣe. Àwọn tó jókòó tí wọ́n ń ṣọ̀fọ̀ wà nílé. Ẹni tó gba ipò kìíní ni SonicFox ọmọ Amẹ́ríkà, tó ti kọ́kọ́ gba ti Injustice lọ́dún 2014 àti ti Mortal Kombat X lọ́dún 2015 àti 2016. Lọ́dún 2019, ó tún gba ti Mortal Kombat 11.

Ohun tí oníṣọ́ọ̀bù lè ṣe

Àkọ́kọ́, kò yẹ kó lọ kó owó ńlá lé e. Ẹni tó ní PS4 lè lo Mortal Kombat 11, Tekken 7, Street Fighter 6 àti King of Fighters XV lórí rẹ̀. Tekken 8 àti Mortal Kombat 1 kò sí fún PS4 ní tiwọn, PS5 ni wọ́n ń béèrè. CD àlòkù kan péré ti tó láti bẹ̀rẹ̀. Bí èyí bá rìn, kó ra òmíràn.

Ìkejì, kó má ṣe yọ géèmù àtijọ́ kúrò. Oníbàárà tí wọ́n bá fi tipátipá gba ohun tó fẹ́ràn lọ́wọ́ rẹ̀, ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíràn ló máa gbà lọ. Ó sàn kó ya wákàtí kan sọ́tọ̀ láàárọ̀ tí èrò kì í pọ̀, kó jẹ́ kí wọ́n fi géèmù tuntun ṣe ìdánrawò lọ́fẹ̀ẹ́ tàbí ní ìdajì owó. Àga tí ì bá ṣófo ni, kò pàdánù ohun kan.

Ìkẹta, àwọn tí ìmọ̀ wọn dọ́gba ni kó so pọ̀. Bí ọ̀gá Mortal Kombat bá kọ́kọ́ pàdé ọ̀gá Tekken lórí Tekken, ìyà tó máa jẹ kò ní jẹ́ kó padà síbẹ̀ mọ́. Àmọ́ bí ọ̀gá Mortal Kombat méjì bá jọ jókòó sídìí Tekken, àwọn méjèèjì ni kò mọ̀ ọ́n, ẹ̀rín ni wọ́n á fi kọ́ ọ. Kí kálukú wọn mú oníjà kan ṣoṣo, kó sì kọ́ ẹ̀ṣẹ́ mẹ́ta péré fún ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Fún ẹni tí ìka rẹ̀ kò yá, Street Fighter 6 ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní Modern, tó ń jẹ́ kí bọ́tìnnì díẹ̀ ṣe ohun tó le.

Ìkẹrin ni ìdíje alápapọ̀. Bí èèyàn mẹ́jọ bá díje lórí géèmù kan, tí ẹni tó bá fìdí rẹmi ń lọ jókòó, ìjà méje péré ni wọ́n máa jà. Bí ó bá jẹ́ géèmù mẹ́ta, tí wọ́n ń ka máàkì pọ̀, ó di ìjà 21. Èèyàn mẹ́jọ yẹn náà ni, kò sẹ́ni tuntun kan tó wọlé, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ti di ìlọ́po mẹ́ta.

Àǹfààní mìíràn tún wà tó kan àwọn òbí. Ẹ̀jẹ̀ pọ̀ nínú Mortal Kombat. Nígbà tó jáde lọ́dún 1992, ariwo rẹ̀ wà lára ohun tó mú kí àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà jókòó lé ọ̀rọ̀ géèmù lọ́dún 1993, tí ìlànà ìdíwọ̀n ọjọ́ orí sì fi bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ lọ́dún 1994. Fún àgbà ni wọ́n ṣe é. Street Fighter àti Tekken ṣeé gbé síwájú àwọn ọ̀dọ́ tó ti lé ní ọdún 13. Oníṣọ́ọ̀bù tó ní wọn nílẹ̀ á rí ohun fi dá ìyá ọmọ lóhùn.

Àwọn àgbà ní ọmọ tí kò bá dé oko bàbá ẹlòmíràn rí, á ní kò sí oko tó tóbi tó ti bàbá òun. Oníbàárà tó bá ti dé oko mẹ́ta, ọjọ́ tí ọ̀kan bá ṣá, yóò kọjá sí èkejì láì kúrò nínú ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tó mọ ẹyọ kan péré, bí géèmù rẹ̀ bá ti kú, òun àti owó rẹ̀ ni wọ́n jọ ń lọ.