Àṣàrò ojoojúmọ́: Ẹni tó fo ọjọ́ kan kò tíì kùnà

Ọ̀pọ̀ ẹni tó bẹ̀rẹ̀ àṣàrò ní àràárọ̀ ló ń pa á tì kí oṣù tó parí. Wọ́n á ní ọkàn àwọn kì í dúró sójú kan. Ọkàn ta ló ń dúró? Iṣẹ́ ibẹ̀ gan-an ni kéèyàn jókòó jẹ́ẹ́, kó fọkàn sí èémí rẹ̀. Bí ọkàn bá sá lọ sídìí owó ilé, kó rọra fà á padà.

Àwọn mìíràn fo ọjọ́ kan, wọ́n gbà pé ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Ìwádìí tí Phillippa Lally àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Yunifásítì UCL, Lọ́ńdọ̀nù, tó jáde ní 2009, kò gbà bẹ́ẹ̀. Ènìyàn 96 ló yan ohun kan, bíi omi mímu lẹ́yìn oúnjẹ, tí wọ́n ń ṣe é lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ 12. Ìṣirò wọn fi hàn pé ó lè gba ọjọ́ 18 kí nǹkan tó mọ́ni lára, ó sì lè tó 254. 66 ló wà láàrin. Ọjọ́ kan ṣoṣo tí wọ́n fò kò da iṣẹ́ wọn rú.

Ohun tó rọrùn jù ni kéèyàn so àṣàrò mọ́ ohun tó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀: bó bá fọ ẹnu tán, kó jókòó fún ìṣẹ́jú 5, kó tó fọwọ́ kan fóònù.