Ẹlẹ́rìí kò purọ́, síbẹ̀ aláìṣẹ̀ ló lọ sẹ́wọ̀n

Ìròyìn kò tó àfojúbà, bẹ́ẹ̀ ni àwọn baba wa wí, orí rẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ ilé-ẹjọ́ ń gbé ìdájọ́ lé. Bí ẹlẹ́rìí bá ti nàka sí ènìyàn nínú kóòtù, tó ní ojú òun kòrókòró lòun fi rí i, ẹjọ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí nìyẹn. Bí ẹlẹ́rìí bá ń purọ́, tí lọ́yà da ìbéèrè bò ó, àṣírí rẹ̀ lè tú. Èyí tó ṣòro ni ti ẹlẹ́rìí tó fi gbogbo ọkàn gbà pé òtítọ́ lòun ń sọ, tó sì jẹ́ pé àṣìṣe gbáà ni. Irú rẹ̀ ló sọ Ronald Cotton sẹ́wọ̀n ní Amẹ́ríkà.

Ní oṣù keje ọdún 1984, ọkùnrin kan já wọlé Jennifer Thompson lóru nílùú Burlington, ní ìpínlẹ̀ North Carolina. Akẹ́kọ̀ọ́ ni ọmọbìnrin yìí, ẹni ọdún 22. Bí ọ̀daràn náà ti ń fipá bá a lò pọ̀, ojú rẹ̀ ni Jennifer ń wò fínnífínní, tó ń fi sọ́kàn, pé bí òun bá yè bọ́, òun yóò rí i pé ó fi ẹ̀wọ̀n jura. Ó rí ọ̀nà sá jáde, ó sì yè.

Àwọn ọlọ́pàá kó fọ́tò ọkùnrin mẹ́fà síwájú rẹ̀, ó mú ti Cotton, ọ̀dọ́mọkùnrin adúláwọ̀ kan. Lẹ́yìn náà, wọ́n to ọkùnrin méje sórí ìlà. Jennifer kọ́kọ́ ń ṣiyèméjì láàrin ẹni méjì, kó tó nàka sí Cotton. Ẹ wo ibi tí ọ̀ràn ti wọ́: nínú àwọn méje náà, Cotton nìkan ni fọ́tò rẹ̀ ti wà nínú mẹ́fà ìṣáájú. Ṣé ojú ọ̀daràn ni ọmọbìnrin yìí dá mọ̀ ni, àbí ojú inú fọ́tò? Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá wá sọ fún un pé ẹni tó mú nínú fọ́tò náà nìyẹn, iyèméjì rẹ̀ fò lọ. Nígbà tó fi máa dé kóòtù, ó ti dá a lójú ju ìgbàkígbà rí lọ.

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1985, wọ́n dá Cotton lẹ́bi. Ó pẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn, wọ́n sì tún ẹjọ́ náà gbọ́ lọ́dún 1987. Kó tó dìgbà yẹn, Cotton ti pàdé ẹlẹ́wọ̀n kan tó jọ ọ́, Bobby Poole, tó ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún ẹlẹ́wọ̀n mìíràn pé òun lòun ṣe iṣẹ́ ibi náà. Wọ́n mú Poole wá sí kóòtù. Jennifer wò ó, ó ní òun kò rí i rí láyé òun. Ẹ̀wọ̀n gbére àti ọdún 54 lé e lórí ni wọ́n dá fún Cotton.

Ọdún 1995 ni àyẹ̀wò DNA tú àṣírí: Poole ni. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹfà ọdún náà, Cotton jáde, lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá àti oṣù díẹ̀ nínú ẹ̀wọ̀n tí kò ṣẹ̀ fún.

Báwo ni ẹni tó wo ojú ọ̀daràn tó bẹ́ẹ̀ ṣe lè ṣì í mọ̀? Ìrántí kì í ṣe fọ́tò tí a tì mọ́nú àpótí. Ó dà bí ilé alámọ̀ tí a ń rẹ́ lọ́dọọdún. Bó bá pẹ́, kò sẹ́ni tó lè ya amọ̀ tuntun kúrò lára ti àtijọ́. Lọ́dún 1974, Elizabeth Loftus àti John Palmer fi fíìmù jàǹbá mọ́tò han àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n bi àwọn kan nípa eré tí àwọn mọ́tò náà ń sá nígbà tí wọ́n kọlu ara wọn. Fún àwọn mìíràn, wọ́n lo ọ̀rọ̀ tó le jù, pé wọ́n rún mọ́ ara wọn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, 16 nínú 50 àwọn tó gbọ́ ọ̀rọ̀ líle náà ní àwọn rí gíláàsì tó fọ́, ṣùgbọ́n 7 péré nínú 50 àwọn yòókù ló sọ bẹ́ẹ̀. Kò sì sí gíláàsì kankan tó fọ́ nínú fíìmù náà!

Ìbẹ̀rù, òkùnkùn àti ọjọ́ tó ti pẹ́ tún ń dá kún un. Ó sì máa ń ṣòro fún ènìyàn láti dá ojú ẹ̀yà mìíràn mọ̀ bíi ti ẹ̀yà tirẹ̀. Òyìnbó sì ni Jennifer. Nínú àwọn tí àyẹ̀wò DNA ti dá sílẹ̀ lẹ́wọ̀n ní Amẹ́ríkà, bí 7 nínú 10 ló jẹ́ pé ẹlẹ́rìí ló ṣì wọ́n mọ̀.

Lọ́dún 2007, North Carolina ṣòfin pé ọlọ́pàá tí kò mọ ẹni tí wọ́n fura sí ni kó máa darí irú ètò bẹ́ẹ̀, kí wọ́n sì sọ fún ẹlẹ́rìí pé ọ̀daràn náà lè má sí níbẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹjọ́ Turnbull ti ọdún 1976 ti là á sílẹ̀ pé kí kóòtù bèèrè: báwo ni ó ṣe pẹ́ tó tó fi rí i? Báwo ni wọ́n ṣe jìnnà síra tó? Ṣé ìmọ́lẹ̀ wà? Ṣé ó ti mọ̀ ọ́n rí? Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà náà ń lo ìlànà yìí.

Ó yẹ kí àwa náà máa bèèrè bẹ́ẹ̀, pàápàá ní ilẹ̀ tí ìdájọ́ ikú ṣì wà fún adigunjalè, tí ariwo olè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láàrin ọjà sì lè mú kí wọ́n fi táyà kọ́ ọmọ ọlọ́mọ lọ́rùn. Jennifer rí Cotton lọ́dún 1997, ó tọrọ àforíjì, Cotton sì dárí jì í. Àwọn méjèèjì jọ kọ ìwé lọ́dún 2009. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bá ti pa kò sí níbẹ̀ mọ́ láti dárí ji ẹnikẹ́ni. Agbọ́tẹnìkan dájọ́, àgbà òṣìkà ni, kódà bí ẹnìkan náà bá ń fi omijé búra pé òun rí i.