Bọ́ọ̀sì Tó Di Ilé: Ta Ló Ń Pèsè Iná àti Omi?

Iṣẹ́ ìtumọ̀ kan ni mo ń ṣe tí mo fi pàdé ọ̀rọ̀ náà "skoolie". Orúkọ tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pe bọ́ọ̀sì ilé-ìwé tí wọ́n ti tú àga inú rẹ̀, tí wọ́n sọ di ilé nìyẹn. "Off-grid" ló tẹ̀ lé e: kéèyàn má lo iná ìjọba, kó má sì lo omi ẹ̀rọ. Mo kọ́kọ́ túmọ̀ rẹ̀ sí "òmìnira". Ìgbà tí mo ṣe ìṣirò rẹ̀ ni mo pa á rẹ́.

Ẹ jẹ́ ká wo iná. Bátìrì 12V, 100Ah, lè gbé ohun tó ń jẹ 1,200 watt fún wákàtí kan, lórí ìwé. Bó bá jẹ́ ti ásíìdì, ìdajì péré ló yẹ ká lò kó má baà tètè kú. Fíríìjì kékeré tó ń jẹ 50 watt fún wákàtí 12 ti gbé ìdajì yẹn mì. A ò tíì tan gílóòbù o! Bátìrì lithium ṣeé lò kọjá ìdajì, àmọ́ kò yẹ kó gba iná nígbà tí inú rẹ̀ bá tutù kọjá 0°C. Ìgbà òtútù yẹn gan-an ni oòrùn kì í pẹ́ lójú ọ̀run.

Òtútù ló yà mí lẹ́nu jù. Irin àti gíláàsì ni ara bọ́ọ̀sì. Èémí ẹni tó sùn, ooru ìkòkò, àti gáàsì tó ń jó pàápàá, gbogbo wọn ló ń tú oruku omi jáde; tó bá kan irin tútù, á di omi, á máa kán sórí ibùsùn. Irin á dípàtà, pákó á bu. Ẹni tó bá sì tìtorí òtútù dí gbogbo ihò pa ń fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wewu, torí gáàsì tí kò rí afẹ́fẹ́ tó máa ń tú carbon monoxide jáde. Kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, ó sì ń pani lójú oorun. Nítorí náà, wọ́n ń dáná, wọ́n sì ń ṣí fèrèsé sílẹ̀ díẹ̀.

Lítà omi kan, kílò kan ni. Ẹni tó bá gbé 200 lítà ti gbé 200 kílò sórí táyà, omi tó lò tán sì gbọ́dọ̀ ní táńkì tirẹ̀. "Grey water" ni wọ́n ń pe omi ìwẹ̀ àti omi abọ́, "black water" ni ti ilé ìgbẹ́. Wọ́n fi àwọ̀ bo ọ̀rọ̀ kí wọ́n má baà dárúkọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Èmi kọ "omi ìgbẹ́" ní tèmi.

Ohun tí mo padà kọ fún "off-grid" ni "fífọwọ́ ara ẹni pèsè iná àti omi". Olùkọ́ mi ní ó ti gùn jù. Mo fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.